Yorùbá Aago Mẹ́wàá

Èdè àkọ́kọ́ tí wọ́n kà léèwọ̀ fún mi ní Èkó ni Yorùbá. Àwọn ará ilé kò gbà mí gbọ́ nígbà tí mo rò ó fún wọn lórí fóònù. Ní Sùúrùlérè ni o, nínú ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ ń jẹ́ Adé tàbí Olú tàbí Ayọ̀. Obìnrin tó ni ilé-ìwé náà ró ìró, ó wé gèlè, ó sì fi Yorùbá tó dán mọ́rán sọ fún mi pé òun kò gbọdọ̀ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi.

Ó ní, "Ẹ má bínú o, Àǹtí. Àwọn òbí ò gbé ọmọ wọn wá síbí kó wá máa sọ vernacular. Ṣé ó yé yín?"

Mo ní, "Ó yé mi, mà."

Ó ní, "Ẹ tún ti sọ ọ́."

Kétu ni mo ti wá. Tí mo bá ti wí bẹ́ẹ̀, ará Èkó á ní, "Kétu ọ̀nà Ìkòròdú?" Mo á ní rárá o, Kétu gan-an, ìlú ọba, lódìkejì ààlà, níbi tí àwọn Faransé ti jọba lé wa lórí. Ojú rẹ̀ á yí padà. "Háà! Àgànyìn ni yín! Ẹ wá gbọ́ Yorùbá dáadáa o!" Á sọ ọ́ bí ìgbà tí èèyàn ń yin ọmọdé tó wọ bàtà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà á béèrè bóyá mo mọ ẹ̀wà sè. Mo mọ̀ ọ́n sè. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ìdí tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́ kò ju pé mo ti ìlú tí wọ́n ti ń sọ Faransé wá. Màdáámù, bí gbogbo wa ṣe ń pe obìnrin náà, ti kọ ọ́ sára ògiri níta pé ojúlówó olùkọ́ Faransé ń bẹ níbí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni Faransé náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orin kan tí a fi ń ka ìka ọwọ́. Ìyókù ọ̀sẹ̀, mo ń nu imú ọmọ, mo ń bá wọn de okùn bàtà, mo sì ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bá wọn wí pé kí wọ́n má jẹ yẹ̀pẹ̀. Wọ́n ń pè mí ní Àǹtí Faransé.

Mo fara mọ́ ọn. Nígbà tí mo kúrò nílé, Àṣàkẹ́ ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Bàbá rẹ̀ ti gba Gàbọ́ọ̀nù lọ, ó ní tí òun bá ti fìdí múlẹ̀, òun á ránṣẹ́ pè wá. Ìdí náà kò tíì múlẹ̀ títí di òní. Mo fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá mi. Màdáámù wá ṣèlérí fún mi pé tí mo bá bá òun ṣiṣẹ́ dáadáa, nígbà tí ọmọ náà bá pé ọmọ ọdún mẹ́rin, àyè rẹ̀ wà nínú ilé-ìwé náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlérí yìí ni mo ń jẹ, òun ni mo ń mu. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé mo dákẹ́ nítorí pé mo níwà pẹ̀lẹ́, kò mọ̀ mí.

Ìwáyà ni mo háyà yàrá sí. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀, ojú tì mí tán. Nílé wa, bí èèyàn bá kọjá lára èèyàn tí kò kí i, wọ́n á béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Nítorí náà mo jáde láàárọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo àdúgbò: ẹni tó ń yan ẹja, ẹni tó ń fọ eyín lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń bá jẹnẹrétọ̀ jìjàkadì. Ẹ kú ìmọ́jú, ẹ kú iṣẹ́, ṣé dáadáa la jí. Obìnrin kan di báàgì rẹ̀ mú gírígírí. Ọkùnrin kan ní, "Sister, abeg, I no get change." Ìyá tó ń yan ẹja nìkan ló dáhùn. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹja, ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ sọ ọ́, mo ti ṣọkàn gírí." Nígbà tí mo ní kò sí nǹkan kan, mo kàn ń kí wọn ni, inú bí i.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo kọ́ bí a ṣe ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo kọ́ bí a ṣe ń dá kọ́ńdọ́kítọ̀ lóhùn kó tó bú wa tán. Lọ́jọ́ kan ní Yábàá, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, tó di ẹrù sórí, yan èmi láàárín gbogbo èrò, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ibo la ti ń wọ mọ́tò Ìdó?" Inú mi dùn débi pé mo júwe ọ̀nà tí mi ò mọ̀ fún un, gẹ́gẹ́ bí ará Èkó gidi. Ọlọ́run á ti mú un dé ibi tó ń lọ.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ fóònù. Ìyá mi ní fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, inú rẹ̀ ni mò ń gbé. Àṣàkẹ́ á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á fi ẹnu kan gíláàsì, á ní, "Màmá, ẹ jẹun." Á fi àkàrà lé mi lẹ́nu títí òróró á fi bo ojú mi. Á gbé mi kiri ilé, á fi ewúrẹ́ hàn mí, á fi ọgbẹ́ orúnkún rẹ̀ hàn mí. Tí eré bá pè é, á gbé mi ti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi, á sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ti wo àjà ilé bàbá mi lọ́nà bẹ́ẹ̀ ju bí mo ṣe wò ó nígbà tí mo ń sùn lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbà mìíràn nẹ́tíwọ̀kì kì í dára, ohùn nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ náà kò ní gbà rárá. Mo á máa pè é, "Àṣàkẹ́, èmi ni," á sì sọ fún ìyá mi pé, "Ẹlòmíì ni, màmá mi ò sí ńbẹ̀." Ìyá mi á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí mo bá pa fóònù, mo á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, àárò ọmọ á sọ mí di aláìlágbára títí ilẹ̀ Ajé á fi mọ́.

Nígbà tó ṣe, àṣà ilẹ̀ yìí yí bírí, bó ṣe máa ń yí. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ọmọ àwọn kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn òbí kan náà ni o, àwọn tó ń fi Yorùbá sọ àṣírí níwájú ọmọ, tí wọ́n á sì fi Gẹ̀ẹ́sì pe ọmọ náà wá jẹun. Màdáámù lọ sí ìpàdé kan ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó dé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ó ní ìwádìí ti fi hàn pé ẹ̀rọ ló ń kọ́ ọmọdé lédè jù lọ. Láti ọjọ́ náà, Yorùbá di ẹ̀kọ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ la máa ń kọ́ ọ, títí dé aago mẹ́wàá ààbọ̀. Tí ọmọ bá sọ Yorùbá ní aago mẹ́wàá ó kù díẹ̀, kò ní bá wọn ṣeré níta. Tó bá sọ ọ́ ní aago mẹ́wàá géérégé, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un.

Ìyá Àgbà kan ló wà nínú tẹlifíṣọ̀n náà, àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà yà, tó wé gèlè tó tóbi ju àyà rẹ̀ lọ. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń ka ìwé láti yàrá kejì. Á ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi! Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí mi." Á wá dákẹ́, á ṣẹ́jú, á ní, "O káre! Ọmọ dáadáa!" Bí ọmọ kí i, o káre. Bí ọmọ sùn lọ, o káre. Ọmọ kan ti ń bu èkejì jẹ níbẹ̀ rí, ìyẹn náà káre.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n tẹ rìmóòtù, kí n sì dákẹ́. Màdáámù sọ ọ́ kedere pé ohùn Kétu mi lè da àwọn ọmọ láàmú, pé ohùn Ìyá Àgbà ni ojúlówó. Mo wò ó, mo wo tẹlifíṣọ̀n. Mo rántí àyè Àṣàkẹ́. Mo tẹ rìmóòtù.

Mo máa ń ronú nígbà náà, tí mo bá wà lọ́nà Ìwáyà. Ará Èkó ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọ́ ọmọ rẹ̀ kó lè rílẹ̀ òyìnbó lọ. Ọmọ ọ̀hún á lọ, á bímọ síbẹ̀, á wá ra ẹ̀rọ tí yóò fi Yorùbá kọ́ ọmọ náà kó lè mọ ilé. Gbogbo ìrìn-àjò yìí, láti ẹnu ìyá sí etí ọmọ tó jókòó lórí itan rẹ̀! Èmi tí mo sọdá ààlà kan ṣoṣo, tí èdè tí mo bá ní ibi tí mo dé kò yàtọ̀ sí èyí tí mo gbé wá, èmi ni wọ́n ń pè ní àlejò. Àlejò ni mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ ẹni tó jẹ́ onílé.

Ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ, wọ́n kún gbọ̀ngán. Màdáámù dìde, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ìgbàlódé, ó ní, "Our children are now bilingual." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo tẹ rìmóòtù. Ìyá Àgbà yọ, ó ní kí wọ́n kí òun, gbogbo ọmọ ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo ọmọbìnrin kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà!" Ó wúni lórí, mi ò ní parọ́. Baba kan nu ojú.

Àlájà kan wà láàárín àwọn àlejò, ìyá àgbàlagbà tó ń ta òwú àti bọ́tìnì fún àwọn télọ̀ ní Pápá Àjàó ní Múṣin. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Mídé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi. Oríkì tí ìyá náà ń pè é ni Àkànní, orúkọ tí ọmọ náà kì í jẹ́ nítorí pé kò mọ̀ pé òun ló ni ín. Àlájà ti rí bí ọmọ náà ṣe dọ̀bálẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó na ọwọ́.

"Àkànní mi! Wá, wá kí mi."

Mídé wò ó. Ó ronú, mo rí i pé ó ronú. Ó wá yí ẹ̀yìn sí Àlájà, ó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà."

"O káre!" ni tẹlifíṣọ̀n wí. "Ọmọ dáadáa!"

Bàbá Mídé, tó wọ kóòtù, sọ̀rọ̀ láàárín eyín, ó ní, "Mídé! Greet Grandma!" Ọmọ náà dìde, ó gbọn orúnkún rẹ̀, ó juwọ́ sí Àlájà. "Hi, Grandma." Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó ní, "I already did the Yoruba one, Daddy. She said o káre."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ náà kò ṣe àìdáa. Ohun tí a kọ́ ọ ló ṣe. Ní gbogbo ayé rẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara kan kò fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀ rí. Gẹ̀ẹ́sì ni ti èèyàn. Yorùbá ni ti tẹlifíṣọ̀n, bí gbígbó ṣe jẹ́ ti ajá.

Àlájà rìn lọ sí ìdí tẹlifíṣọ̀n náà, ó yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó padà wá. Ó ní, "Mo ti lórogún, ẹ ò sì sọ fún mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan wolẹ̀. Màdáámù fi ojú wá mi kiri, ó rí mi. "Àǹtí Faransé, kí lẹ kọ́ àwọn ọmọ yìí gan-an?"

Èmi tí wọ́n ní kí n tẹ bọ́tìnì kí n sì dákẹ́! Mo gbé rìmóòtù sílẹ̀. Mo lọ bá Àlájà níbi tó dúró sí, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí táìlì, mo sì kí i bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú ìdúró. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ara ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlájà sì ń dáhùn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò fo ọ̀kankan. Ó bi mí ní ọmọ ibi tí mo jẹ́. Mo ní Kétu. Ó ní, "Kétu wo?" Mo ní Kétu tí ọba wà. Ó ní, "Háà! O ò ṣe tètè sọ?" ó sì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà.

"Aunty, stand up," ni ọmọbìnrin kan wí lẹ́yìn mi. "Your skirt will dirty."

Mídé fa kóòtù bàbá rẹ̀. "Daddy! Daddy! Aunty is speaking TV!"

Ó sún mọ́ wa. Ó ń wo ẹnu Àlájà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ihò tí omi ti ń sun. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá Àgbà," ó wá dúró kí wọ́n sọ fún un pé ó káre. Àlájà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣé o sùn dáadáa?" Ẹ̀rù ba ọmọ náà, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni. Ó ní, "Yes." Àlájà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Àlájà ní, "Kí lo jẹ?" Ọmọ náà ronú títí, ó ní, "Búrẹ́dì," ẹ̀rín sì bo ojú rẹ̀, ó fi ìdí jókòó sórí bàtà ìyá náà. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú yẹn. Kò sí ohun tí mo ṣe ní Èkó tó dùn mọ́ mi tó o.

Gbogbo òbí ti yọ fóònù, wọ́n ń ká a sílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e, tí kì í bá ṣe pé ìṣojú mi ló ti ṣẹlẹ̀, mi ò ní gbà á gbọ́. Màdáámù pè mí sí ọ́fíìsì. Mo ti ń to ohun tí mo máa fi bẹ̀ ẹ́ nítorí àyè Àṣàkẹ́. Àṣé ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní àwọn òbí fẹ́ràn mi, pé ohùn mi jinlẹ̀, pé original ni mí. Mo ní nígbà náà ẹ jẹ́ kí n máa bá àwọn ọmọ sọ ọ́, lójúkojú, láti àárọ̀ dé ìgbà tí a bá jáde. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mà.

Ó ní, "Ẹ gbọ́, Àǹtí. Tí ẹ bá ṣàìsàn ńkọ́? Tí ẹ bá lọ sí ìlú yín tí ẹ ò padà ńkọ́? Fídíò kì í ṣàìsàn."

Ó gbé ọkùnrin oníkámẹ́rà kan wá. Wọ́n wé gèlè Ìyá Àgbà sí mi lórí, wọ́n gbé mi jókòó síwájú aṣọ aláwọ̀ ewé. Oníkámẹ́rà ní kí n kí àwọn ọmọ. Mo ní àwọn ọmọ wo? Ó ní kí n máa wo kámẹ́rà. "Aunty, smile. Ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n fi dáhùn. Then ẹ ní o káre." Mo bi í pé tí wọn ò bá dáhùn dáadáa ńkọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn ní o káre."

Mo ní o káre. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni Màdáámù sọ fún mi pé kí n ránṣẹ́ sílé, pé kí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀. Mo pe ìyá mi lójú ẹsẹ̀, àwa méjèèjì sunkún lórí fóònù, a sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Báyìí ni mo ṣe di Ìyá Àgbà. Ní aago mẹ́wàá, mo á tẹ rìmóòtù, ojú mi á yọ gbàǹgbà lára ògiri, àwọn ọmọ á kúnlẹ̀ fún un. Èmi náà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, lórí àga kékeré. Lọ́jọ́ kan mo dáhùn ìkíni wọn láti ibi tí mo jókòó sí. Ọmọ mẹ́ta ló yíjú sí mi, tí wọ́n fi ìka sẹ́nu: "Shh! Aunty is talking."

Àṣàkẹ́ dé ní ọjọ́ Ẹtì, ìyá mi ló mú un wá. Ó ti ga. Wọ́n ti di irun rẹ̀ ní ṣùkú. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí i, ó sá sẹ́yìn ìyá mi, ó ti ibẹ̀ wò mí, ó wá yọ jáde nítorí pé ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó ní, "Ẹ kú ilé o, mà."

Ìyá mi ní, "Màmá rẹ nìyí." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ já àgbà ní irọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kí wọ́n pe màmá òun lórí fóònù kí òun sọ fún un pé àwọn ti dé. Ìyá mi tún ní, "Òun nìyí, Àṣàkẹ́." Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ya ìwọ̀n nǹkan kékeré kan nínú afẹ́fẹ́, tó tó ojú fóònù. "Màmá mi ò tóbi báyìí."

Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ díẹ̀ ni, ara rẹ̀ á mọ́lé. Mo wẹ̀ ẹ́, mo se ẹ̀wà Kétu fún un, ó jẹ, ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí." Ìyá mi padà sílé lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé fóònù rẹ̀ lọ. Ọmọ náà sunkún títí oorun fi gbé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wọ aṣọ ilé-ìwé fún un, ó bá a mu. Ọ̀nà Sùúrùlérè, ó di ìka mi kan ṣoṣo mú. Ní kíláàsì, mo fi í jókòó sáàárín Mídé àti ọmọbìnrin kan, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Màdáámù wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí i káàbọ̀. Ó tọ́ka sí aago ògiri, ó ní, "Àǹtí, time ti tó." Mo tẹ rìmóòtù.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi!" ni mo wí lára ògiri.

"Màmá!"

Ó ti dìde kí n tó yíjú. Ó sáré gba àárín àwọn ọmọ tó kúnlẹ̀ kọjá, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú lórí gíláàsì, ó fi ẹnu kàn án. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti ọjọ́ Ẹtì tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ìyá àgbà tó mú òun wá ti lọ sílé. Ó ní yàrá tí òun sùn sí ń rùn bí ẹja. Ó ní Àǹtí kan wà tó ń wẹ òun, pé kò na òun, ṣùgbọ́n òun ò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Màmá, ẹ wá mú mi."

Mo dákẹ́ díẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, "O káre! Ọmọ dáadáa!"

Mi ò mọ bí mo ṣe dìde. Mo bá ara mi láàárín òun àti tẹlifíṣọ̀n, ẹ̀yìn mi sí gíláàsì, tí orí mi tó wé gèlè ń sọ̀rọ̀ lọ lẹ́yìn mi. Màdáámù ń pè mí láti ẹnu ọ̀nà, ó ń béèrè kí ló dé tí mo dí àwọn ọmọ lójú. Mo kúnlẹ̀ kí ojú mi lè bá ojú ọmọ mi dọ́gba. Mo ní, "Àṣàkẹ́, èmi ni."

Ó gbìyànjú láti wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mi, ó wo ti òsì. Ó wá fi ọwọ́ kan èjìká mi jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ yà fún mi. Mi ò rí màmá mi."

Mi ò yà.